Ìkéde Alápá: Kí Ẹnikẹ́ni Má Gbé Àṣírí Ilé Rẹ̀ Lọ Sílé Ẹ̀kọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Apá, ẹ gbọ́ o! Ará òkè odò, ẹ gbọ́! Ará ìsàlẹ̀ odò, ẹ gbọ́! Ẹni tó ń fọ aṣọ, kó gbé ọṣẹ sílẹ̀. Ẹni tó ń fá orí, kó dá abẹ dúró. Orí tí a fá dé ìdajì náà lè gbọ́ ìkéde. Ẹni tó ki ohun ìgbọ́rin bọ etí, kó yọ ọ́. Ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń sùn, a ti rí i, kó jókòó dáadáa.

Kì í ṣe èmi ni mo wí i o. Kábíyèsí, Alápá ti Ìdí-Apá, ni wọ́n wí i. Èmi Ọládòkun, akéde ààfin, ẹnu lásán ni mo fi yá wọn.

Mo mọ̀ pé ó yà yín lẹ́nu láti gbọ́ agogo yìí. Láti ìgbà tí a ti sin Ìbídùnní, aya mi, ara ògiri ni mo gbé e kọ́ sí. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ọ́ ní ìdí ẹ̀rọ omi pé akéde ti yadi. Akéde kò yadi. Ó ń sinmi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àwo oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀, mo rí àwọn àwo náà. Mo dúpẹ́. Ẹ wá kó wọn. Ewúrẹ́ Olóyè Ọ̀sì ló ń jẹ ẹ́, ó sì ti sanra ju ẹni tó ni ín lọ.

Ó tó. Iṣẹ́ ló gbé mi jáde.

Ohun tí Kábíyèsí pa láṣẹ rèé. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Apá kò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ pa ohun gbogbo tó jẹ́ tirẹ̀ rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Mo tún un wí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀! Àwòrán, kó kúrò! Lẹ́tà, kó kúrò! Ohùn, kó kúrò! Páásíwọ́ọ̀dù báńkì, kó kúrò kíákíá! Kí inú ẹ̀rọ náà ṣófo bí ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sùn nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbé e fún ilé ẹ̀kọ́, tàbí ìjọ, tàbí àna.

Gbogbo ìlú ti fara mọ́ àṣẹ yìí. Ilé kan ṣoṣo ló kọ̀. Onílé náà dúró níwájú Kábíyèsí, ó sì sọ ọ́ láìwolẹ̀ pé kọ̀ǹpútà tó wà nílé òun kò ní lọ síbì kankan, inú rẹ̀ kò sì ní ṣófo. Ẹ má wojú ara yín. Ẹ má wo Bàbá Sùnmọ́nù. Èmi ni.

Kọ̀ǹpútà Ìbídùnní ni. Kó tó kú ló ti ṣèlérí rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Kábíyèsí. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní: "Ọládòkun, lọ ké e ná. Tí o bá ké e tán, wá sọ fún mi bóyá o ṣì kọ̀." Ìdí nìyí tí mo fi dúró síbí láàárọ̀ yìí, tí mò ń ké òfin tí èmi fúnra mi ń rú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Akéde tó wà ṣáájú mi ló ké òfin ariwo, ohùn rẹ̀ ló sì ga jù ní ìlú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ohun tó fa àṣẹ yìí, ẹ má díbọ́n. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn fẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba ni. Ó dára. Kábíyèsí ti ní kí n sọ ọ́ ní gbangba.

Olóyè Adékàmbì, Ọ̀sì Alápá, ló fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ ta ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́rẹ. Ó wọ agbádá lọ síbẹ̀. Ó mú ayàwòrán dání. Ó ní ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní. Òótọ́ ni! Ó ti fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti fi kẹrosíìnì nu ojú rẹ̀. Ó ti fi ọbẹ ha gbogbo lẹ́tà orí bọ́tìnì rẹ̀ kúrò, nítorí ó gbà pé bí kò bá ti sí lẹ́tà níta, kò sí ẹni tó máa lè ka èyí tó wà nínú. Lẹ́yìn náà ló wá sá ẹ̀rọ náà sóòrùn lórí òrùlé ilé ìdáná, kí ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè gbẹ.

Kò gbẹ.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tan ẹ̀rọ náà. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, dúró tì wọ́n. Ẹ̀rọ náà kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣí ni. Kí ló jáde? Olóyè Ọ̀sì ló jáde! Ó jókòó lórí àga ńlá ní pálọ̀ rẹ̀. Ó dé adé. Páálí bisikíìtì ló fi ṣe adé náà; àwòrán bisikíìtì ṣì wà níwájú orí rẹ̀ gan-an. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó dì mú, ìgbálẹ̀ ni. Ìyáálé rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ní ọbẹ̀ lórí iná. Kì í ṣe àwòrán kan. Ó ya ti òjò, ó ya ti ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú òmíràn, adé ti wọ́ bo ojú kan, síbẹ̀ ó ń juwọ́ sí ogunlọ́gọ̀. Kò sí ogunlọ́gọ̀. Adìyẹ ló wà níbẹ̀.

Ohùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ń wí pé: "Ẹ dìde, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gba ìkíni yín. Ẹni tó wà lórí ìtẹ́ ṣáájú mi, ó gbìyànjú níwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ."

Ẹ̀yin ará Ìdí-Apá, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ ṣáájú rẹ̀ ṣì wà lórí ìtẹ́. Wọ́n mu ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n kí yín.

Ẹ dákẹ́! Ìkéde ni, kì í ṣe eré! Ìyá Àlàmú, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, mo ti rí ẹ̀rín náà.

Kábíyèsí ránṣẹ́ pe Olóyè. Olóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní ìfẹ́ ló fà á. Ó ní ìwà Kábíyèsí ló wu òun tí òun fi ń fara wé wọn nínú yàrá. Kábíyèsí wo àwòrán náà lọ, wọ́n wò ó bọ̀. Wọ́n ní: "Adékàmbì, ṣé bisikíìtì yẹn ṣì kù?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹjọ́. Kí Olóyè Ọ̀sì máa dé adé páálí náà lọ pọn omi ààfin láràárọ̀, títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi pa á. Ọjọ́ tí òjò bá pa adé, ọjọ́ náà ni ìjọba rẹ̀ tán. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà odò kò gbọdọ̀ kí i ní Kábíyèsí. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń kí i. Mo tún gbọ́ pé ó ń dáhùn. Ẹ jáwọ́!

Ní báyìí, ẹ gbọ́ àwọn àṣẹ náà bí mo ṣe ń kà wọ́n.

ÀṢẸ KÌÍNÍ! Kí ẹnikẹ́ni má jí láàárọ̀ kó gbé kọ̀ǹpútà ilé jáde láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń lò ó. Ìyàwó lè ní àwòrán níbẹ̀. Ọmọ lè ní iṣẹ́ àṣetiléwá níbẹ̀. Ìyá ọkọ lè ní orin ìjọ níbẹ̀ tí òun nìkan fẹ́ràn. Béèrè! Ẹni tí kò bá béèrè, yóò jókòó sáàárín agbo ilé rẹ̀, kí olúkúlùkù máa ròyìn ohun tó sọnù fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Kò gbọdọ̀ dìde. Kò gbọdọ̀ ní òun fẹ́ lọ tọ̀.

ÀṢẸ KEJÌ! Kí o tó pa nǹkan rẹ́, kọ́kọ́ kó ohun tó o fẹ́ràn jáde. Kó o sínú ike kékeré tí wọ́n ń pè ní fúláàṣì. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Lẹ́yìn tó o bá kó o tán, lọ ki ike náà bọ ẹ̀rọ mìíràn, kí o sì fi ojú ara rẹ rí i pé ohun tó o kó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Má ṣe fi ike náà sínú àpò ṣòkòtò tó o fẹ́ fọ̀. Ní báyìí, ẹ lè wo Bàbá Sùnmọ́nù. Ṣòkòtò wọn mọ́. Àwòrán ìgbéyàwó ọmọ wọn ti bá omi ọṣẹ lọ. Ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀, kó má wá sunkún sí ààfin. Àwọn tó ń gbá ààfin ti ní àwọn kò ní nu omi mìíràn.

ÀṢẸ KẸRIN!

Ẹ dúró. Mo ti fo ẹ̀kẹta. Ẹ má bínú.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó fà á. Ìwé kọ́ ni mo fi máa ń kọ́ ìkéde. Ìbídùnní ni atẹ̀wé ààfin. Bó bá tẹ àṣẹ Kábíyèsí tán, yóò gbé iṣẹ́ wálé, yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò sì kà á sínú rẹ̀ ketekete. Èmi á wá jókòó, màá máa gbọ́ ohùn náà, màá tún un gbọ́, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wọ̀ mí lórí. Ibi tó bá ti mí, èmi náà á mí. Ibi tó bá ti gbóhùn sókè, èmi náà á gbóhùn sókè. Ó wúkọ́ níbì kan nínú ìkéde nípa ewúrẹ́. Mo wúkọ́ níbẹ̀ níwájú gbogbo yín. Ẹ rò pé ewúrẹ́ ló ń bí mi nínú.

Àti ìkéde nípa ẹ̀rọ omi. Ẹ rántí. Ọjọ́ náà, ó kà á tán, ó gbàgbé láti dá ẹ̀rọ dúró, ó sì pè mí láti ibi tó jókòó sí: "Ó parí o! Ẹ wá jẹun, kó tó tutù!" Mo kọ́ ìyẹn pọ̀ mọ́ ìyókù. Mo jáde. Mo ké fún ìlú pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ omi mọ́. Mo ké ìyà tó wà fún un. Mo wá fi ohùn kan náà ké e pé ó parí, kí ẹ wá jẹun, kó tó tutù. Ẹ̀yin ará Ìdí-Apá, ẹ gbé àwo! Ẹ wá sí ààfin pẹ̀lú àwo, pẹ̀lú abọ́, ẹnì kan gbé báàfù. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń retí. Olorì ní láti gbé iṣu kaná fún odindi ìlú, wọn kò sì fi ojú rere wò mí títí iṣu tuntun fi dé. Láti ìgbà náà ni Kábíyèsí ti ní kí n máa fi ọ̀rọ̀ náà parí gbogbo ìkéde. Láti ìgbà náà lẹ ti ń dá mi lóhùn láti ẹnu ọ̀nà yín pé "A ti jẹ o!", àti ẹni tó ti jẹ, àti ẹni tí ebi ń pa.

Ìkéde ti òní yìí ni àkọ́kọ́ tí kò kà fún mi. Akọ̀wé tuntun fún mi ní bébà. Mo kà á fúnra mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fo ẹ̀kẹta.

Ó tó.

ÀṢẸ KẸTA! Jáde kúrò níbi gbogbo tó o wọ̀! Ìmeèlì, jáde! Báńkì, jáde! Ibi tí ẹ ti ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, jáde pátápátá! Kì í ṣe kí o pa iná ẹ̀rọ kí o máa rò pé o ti jáde. Ọ̀gbẹ́ni Láṣẹ́hìndé tó ń tún rédíò ṣe, ẹ sún síwájú kí wọ́n rí yín. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn fún ẹ̀gbọ́n wọn láìjáde nínú rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n tan ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó Láṣẹ́hìndé pé òun fẹ́ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ òun, ṣé ààyè wà? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rò pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ ẹni tó mọ àlejò ṣe. Ó dáhùn pé: "Ẹ máa bọ̀, Màmá, ẹ kó gbogbo ẹrù yín wá." Màmá ti dé. Wọ́n kó gbogbo ẹrù wọn wá. Wọ́n ti gbin ewédú sẹ́yìn ilé.

ÀṢẸ KẸRIN, èyí tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀kẹrin! Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó o bá jù sínú rẹ̀ kò tíì lọ. Mo tún un wí. Kò tíì lọ! Ó jókòó síbẹ̀ ni, ó ń retí ẹni tó máa fà á jáde. Da apẹ̀rẹ̀ náà nù! Bó o bá dà á nù tán, má tíì máa yọ̀. Ẹ̀rọ náà ṣì ń rántí. Ìdí nìyí tí Kábíyèsí fi pa àṣẹ tó tẹ̀ lé e.

ÀṢẸ KARÙN-ÚN! Kí o dá ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé. Ẹ̀rọ náà yóò bi ọ́ pé: Ṣé ó dá ọ lójú? Dáhùn. Yóò tún bi ọ́. Má bínú sí i. Má gbá a létí. Kì í ṣe àfojúdi, àánú rẹ ló ń ṣe é. Rí i dájú pé iná wà, pé epo kún jẹnẹrétọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yọ okùn iná rẹ̀ láàárín iṣẹ́ láti fi lọ aṣọ. Ẹni tó bá yọ ọ́, aṣọ rírún ni yóò máa wọ̀ lọ síbi gbogbo títí ọdún yóò fi yípo, Ọdún Àjíǹde àti Iléyá pẹ̀lú!

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣe tán? Bó o bá tàn án, kò ní mọ̀ ọ́ mọ́. Yóò kí ọ káàbọ̀ bí àlejò. Yóò béèrè orúkọ rẹ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

ÀṢẸ KẸFÀ! Ẹ̀rọ tó ti kú, tí kò tàn mọ́, kò tíì gbàgbé. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní háàdì, ibẹ̀ ló kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ pamọ́ sí. Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ fún ọ, kí o sì fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ má sin ín o. Ẹnì kan sin tirẹ̀ sẹ́yìn ilé, ajá hú u, ó sì gbé e fún aládùúgbò. Ẹ má jù ú sódò. Ẹ má gbé e lọ fún àdúrà. Àlùfáà ìjọ wa àti Lèmọ́mù ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn: àdúrà kì í pa fáìlì rẹ́.

Àwọn kan ń béèrè ní ìkọ̀kọ̀ bóyá àṣẹ yìí kan Kábíyèsí fúnra wọn. Ó kàn wọ́n. Kábíyèsí ti pa ohun tó wà nínú tiwọn rẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ háàdì. Wọ́n fi òòlù lù ú. Wọ́n tún dìde, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi kò béèrè.

ÀṢẸ KEJE. Èyí kò kàn yín. Kábíyèsí fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sísàlẹ̀ bébà. Ó kà báyìí: Kí akéde pa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà aya rẹ̀ rẹ́, kó sì gbé e fún ilé ẹ̀kọ́ kí oòrùn òní tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí aya rẹ̀ ti ṣèlérí. Bó bá kọ̀, kó dá agogo ààfin padà.

Mo ti pinnu nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí. Màá ké e, màá sì lọ dá agogo padà. Mo mú un kúrò lára ògiri.

Ẹ mọ̀ pé a kì í gbé agogo rìn láìfi aṣọ dí i nínú, kó má baà máa ké kiri kó tó débi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìbídùnní ló máa ń dí i fún mi. Mo fa aṣọ náà. Ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tú u. Ìbídùnní ti di ohun kan sí ìṣẹ́tí rẹ̀, ó fi òwú dúdú ran án mọ́ ọn. Ike kékeré. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

Mo jókòó.

Mo ṣí aṣọ tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tí mi ò tíì ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú, kí n lè wo ohun tó wà nínú ike náà. Mo tan ẹ̀rọ. Kò mọ̀ mí. Ó kí mi káàbọ̀. Ó béèrè orúkọ mi. Nínú ilé mi! Lórí tábìlì mi! Ẹ̀rọ tó ti ń gbọ́ bí mo ṣe ń hanrun láti ọdún wọ̀nyí wá, ó ń bi mí pé ta ni mí.

Inú rẹ̀ ṣófo. Ìbídùnní ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, kí Olóyè Ọ̀sì tó dé páálí, kí òfin kankan tó wà. Èmi tí mo dúró níwájú Kábíyèsí láìwolẹ̀, àpótí òfìfo ni mò ń jà fún. Àpótí òfìfo ni mo fi aṣọ bò, tí mò ń ṣọ́.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo fún yín láyè. Ìbídùnní náà máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo sọ orúkọ mi fún ẹ̀rọ náà, mo sì ki ike bọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìkéde nípa ewúrẹ́, tòun ti ikọ́ rẹ̀. Ìkéde nípa ẹ̀rọ omi. Ìkéde nípa àwọn tó ń sá ẹ̀gẹ́ sójú títì. Ó to gbogbo wọn bó ṣe máa ń to nǹkan. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀kan wà tí mi ò mọ̀ rí. Kò gùn. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ díẹ̀. Ó ní: "Bàbá Ayọ̀kúnlé, tí ẹ bá ń gbọ́ èyí, ẹ ti mú agogo nìyẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má sáré kà á o, ẹ máa ń fo nǹkan bí mi ò bá sí nítòsí. Ẹ gbé ẹ̀rọ yìí fún àwọn ọmọ yẹn. Mo ti tún inú rẹ̀ ṣe." Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó máa ń sọ. Mi ò ní í sọ ìyẹn báyìí. Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ná.

Nígbà tó sì jẹ́ pé mo ti fi orúkọ mi sínú ẹ̀rọ náà, mo ti di arúfin lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mo wá tún un pa rẹ́. Ó béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ó tún béèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o! Akéde kò kọ̀ mọ́. Agogo kò padà sí ààfin. Ike náà wà lọ́rùn mi nínú okùn, mi ò sì ní wọ̀ ọ́ lọ fọ aṣọ, ẹ̀yin Bàbá Sùnmọ́nù. Kọ̀ǹpútà Ìbídùnní ló wà lẹ́sẹ̀ mi níbí. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ẹ wá gbé e. Ẹ gbá a mú nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kò lágbára. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí ẹ bá tàn án, yóò béèrè orúkọ yín. Ẹ má tijú. Ẹ sọ ọ́ fún un.

Ohun tí Alápá wí nìyí. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ nínú rẹ̀, àfi ẹ̀kẹta tí mo kọ́kọ́ fò. Ẹni tó gbọ́, kó mú un dé ilé. Ẹni tó ní òun kò gbọ́, agogo yóò wá kí i lójú fèrèsé. Ó parí o! Ẹ wá jẹun, kó tó tutù!

Mo gbọ́ yín. Ẹ ti jẹ.

Èmi kò tíì jẹ. Ìyá Àlàmú, àwo tí ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ yìí, ẹ bá mi lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí rẹ̀. Mò ń bọ̀.